Ọkùnrin Mọ́kànlá, Kò Sí Obìnrin Láàárín Wọn

Mushin, Èkó
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2025

Àràmídé ọmọ mi,

Ara rẹ ńkọ́? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Àwa wà ńbí, a dúpẹ́. Orúnkún mi nìkan ni kò gbà pé ara kan náà la jọ wà. Evelyn, nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà tí ẹ jọ lọ ilé ìwé, ló ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ àwọn ń bọ̀ lọ́hùn-ún, pé kí n kọ ohun tí mo bá fẹ́ kọ. Inú mi dùn sí i. Mi ò fẹ́ràn kí n máa pariwo sínú fóònù bí ẹni tó ń pe èrò, ìwọ náà sì ti sọ pé nítorí iṣẹ́ rẹ, kò sí ohun tí o sọ lórí fóònù tí ẹlòmíràn ò lè máa gbọ́. Lẹ́tà ni ká máa kọ nígbà náà. Ọwọ́ mi ṣì di gègé mú dáadáa.

Ìròyìn àdúgbò ni pé Alhaji Dàda onírin ti kú. Ọjọ́ Jímọ̀ la sin ín. Ibi tí a ti ń sáré gbé e lọ ni ẹsẹ̀ kan lára àkéte òkú mọ́ṣáláṣí wa ti yẹ̀, tó kù díẹ̀ kí Dàda bọ́ lé Lèmọ́mù lórí. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́, kò sì fẹ́ kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ lẹ́yìn ikú náà. Mo ti kan àkéte mìíràn fún mọ́ṣáláṣí. Igi àfárá ni mo lò, ó sì dúró dáadáa.

Nígbà tí mò ń fá igi rẹ̀ ni mo rántí rẹ. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí a bá ti ń gbé òkú jáde ládùúgbò, orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ni o máa ń dúró sí, wàá na ọrùn síta, wàá máa ka orí wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, á ní kí o wọlé, pé gbígbé òkú kì í ṣe ohun tí obìnrin ń wò. O ò ní gbọ́. Bí mo bá dé, wàá sọ iye tí a jẹ́ fún mi, kì í sì í yẹ̀.

Abdussalam ń kí ọ. Fìlà tí o fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ, èyí tó ní àsíá Amẹ́ríkà níwájú, òun ló ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń dé jẹun. Mo bi í pé ṣé yóò dé e wọ sàárè ni. Ó ní Àǹtí òun ń bọ̀ wá mú òun lọ. Jọ̀wọ́ sọ ibi tí ìwé rẹ̀ dé fún un kí n lè sinmi.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ ò ju ọ̀kan lọ. Téèpù tí mo fi ń wọn pákó, nọ́ńbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́. Wá ojúlówó fún mi. Ẹjọ́ tí mo ní bá ọ náà ò ju ọ̀kan lọ. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ohùn rẹ ti yí padà. A ó jọ máa sọ̀rọ̀ lọ, wàá kàn dákẹ́, bí ẹni tó rí nǹkan lẹ́yìn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Kí ló dé? Lèmọ́mù bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe, mo ní máàpù lò ń yà fún ìjọba Amẹ́ríkà. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?

Bàbá rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Mùktárù káfíńtà


Virginia, Amẹ́ríkà
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á. Téèpù yín nìyí, ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ íńṣì, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà. Mo fi oògùn orúnkún tì í. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ lò ó, ẹ má pín in fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí.

Ẹ má sọ ti máàpù yẹn fún Lèmọ́mù mọ́. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ tán. Máàpù ni mo kọ́ nílé ìwé ní Yábàá, nítorí rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ yìí ṣe gbà mí. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń jókòó sínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ọkọ̀ òfurufú kan tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ á máa yí po lókè ìlú kan tó jìnnà, tí mi ò gbọ́dọ̀ dárúkọ, á máa ya ohun gbogbo tó wà nísàlẹ̀, àwòrán náà á sì máa wọlé sọ́dọ̀ wa lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ ohun tí mo bá rí. Ọkùnrin kan. Obìnrin méjì. Ewúrẹ́. Ọ̀kadà. Bí mo bá ti kọ ọ́, àwọn ológun ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Èmi kì í fọwọ́ kan nǹkan kan.

Bàbá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan, ẹ má bi mí nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sin òkú, ẹni mélòó ló ń gbé e? Kí ló dé tí ẹ fi máa ń sáré? Àwọn pákó gígùn tí ẹ máa ń gbé dání, kí ni ẹ ń fi wọ́n ṣe? Orí òkè ni mo ti máa ń wò yín nígbà yẹn, bí ẹ bá ti yà níbi kọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí, mi ò rí yín mọ́. Obìnrin ni mí, ẹnikẹ́ni ò mú mi dé itẹ́ òkú rí. Mi ò mọ bí gbígbẹ́ sàárè ṣe rí.

Ìwé Abdussalam ń lọ dáadáa. Ẹ ní kí ó ní sùúrù.

Ọmọ yín,
Àràmídé


Mushin, Èkó
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 2025

Àràmídé,

O kú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Téèpù dé, ó dára jù mí lọ. Oògùn náà dé. Mo fún Lèmọ́mù ní mẹ́fà péré, má bínú.

O ní kí n má bi ọ́ nídìí ìbéèrè rẹ, mo sì ń bi ọ́. Ṣé ẹnì kan kú sí yín lọ́rùn ni? Kí n tó gbọ́ èsì, jẹ́ kí n sọ ohun tí o fẹ́ mọ̀. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, a kì í jẹ́ kó sùn sílé. Ìdí tí a fi ń sáré nìyẹn. Ẹni mẹ́rin ló ń gbé àkéte, àmọ́ kálukú ló fẹ́ gba láádá, nítorí náà a máa ń sáré bọ́ sábẹ́ rẹ̀, a ó máa já a gbà lọ́wọ́ ara wa. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìjà ni. Inú sàárè ni pákó ń lọ. Bí a bá tẹ́ òkú sílẹ̀ tán, a ó to pákó dábùú lókè rẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ má baà bọ́ sí i lára. Èmi ni mo máa ń gé e. Ṣọ́bìrì méjì, díágà kan, àwọn géńdé á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Obìnrin kì í bá wa lọ, ọmọdé kì í bá wa lọ. O ti gbọ́ ọ báyìí.

Iṣẹ́ tí o ní ò ń ṣe yẹn ò wù mí. Ṣé ẹni tó ń yọjú wo ilé onílé láti òkè, tí onílé ò mọ̀, iṣẹ́ lò ń pe ìyẹn? Ta ni àwọn tí ẹ ń wò? Kí ni wọ́n ṣe fún yín?

Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ga, ó gbẹ. Ó kí mi ní sàláámù, mo dáhùn. Kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe Hausa, èdè tó ń sọ ò yé mi. Eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, eruku funfun, ojú rẹ̀ àti ìpéǹpéjú rẹ̀. Àràmídé, òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gbogbo Mushin ló wà nínú ẹrọ̀fọ̀. Mi ò mọ ibi tó ti rí eruku.

Ó fọwọ́ kan àkéte òkú àtijọ́ tí mò ń tú palẹ̀, ó tọ́ka sí ara rẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí ló fẹ́ yá, kó lọ bá Lèmọ́mù. Ó mirí. Ó fi ìka fa ilà méjì sórí tábìlì iṣẹ́ mi, èkíní lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, bí ẹni tó ń sọ pé báyìí ló ṣe máa gùn tó. Mo ní ta ló kú? Ó na ìka mẹ́wàá, ó ká wọn, ó tún na ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó na ìka yẹn sókè, ó ń wo ojú ọ̀run, èmi náà bá a wo òkè. Nígbà tí mo máa fi wo ilẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo nu tábìlì náà, ilà méjèèjì ò lọ. Mo fi téèpù tuntun rẹ wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íńṣì mẹ́jọ. Àkéte òkú kì í kúrú bẹ́ẹ̀. Ti gbogbo ènìyàn ni, a máa ń jẹ́ kó gùn. Èyí dà bí ẹni pé ó mọ ẹni tó fẹ́ gbé.

Kọ̀wé sí mi kíákíá.

Bàbá rẹ


Virginia, Amẹ́ríkà
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, 2025

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo ti kọ lẹ́tà yìí nígbà mẹ́ta, mo ti fà á ya nígbà méjì.

Ta ló sọ mọ́kànlá fún ọkùnrin yẹn? Èmi ò sọ ọ́ fún yín, mi ò sọ ọ́ fún Evelyn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kan àkéte náà.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kìíní ni. Ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ tiwọn. Mo rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń sáré lójú ọ̀nà eléruku, wọ́n gbé nǹkan gígùn lé èjìká, wọ́n ń já a gbà lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn kan gbé nǹkan gígùn mìíràn tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Mo kà wọ́n bí mo ṣe máa ń kà yín. Mo kọ ọ́ pé: ọkùnrin mọ́kànlá, kò sí obìnrin, kò sí ọmọdé, wọ́n gbé nǹkan gígùn, wọ́n ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bàbá, kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀.

Nǹkan kan sọ sí mi nínú pé ìsìnkú ni. Mo rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè wa, mo rí yín àti Lèmọ́mù lábẹ́ àkéte. Mo yíjú sí Jude, ọ̀gá mi, mo ní ó jọ pé wọ́n ń sìnkú. Ó ní, "Ó dá ẹ lójú? Ṣó o ti rí wọn níbi tí wọ́n ti ń sìnkú rí?" Mi ò rí gbígbẹ́ sàárè rí. Mo ní kò dá mi lójú. Ó ní àwọn tó ń ri bọ́ǹbù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló máa ń ṣe báyẹn, ọkùnrin nìkan, kíákíá, ní ọ̀sán. Mo dákẹ́. Kò pẹ́ tí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà fi funfun báláú. Nígbà tó ṣí padà, eruku nìkan ló wà níbẹ̀.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn ni pé méjìlá ni wọ́n kọ sínú ìròyìn. Wọ́n ní àwọn pa ọ̀tá méjìlá. Mọ́kànlá ni mo kà. Ẹni kejìlá ni ẹni tí wọ́n gbé, ó ti kú kí wọ́n tó pa á.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí wọn. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ òfurufú náà lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n á gba igun kan wọlé sínú àwòrán, wọ́n á gbé nǹkan gígùn náà, wọ́n á máa sáré. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí bóyá ó rí wọn. Ó ní ewúrẹ́ ni.

Àwọn oníròyìn ti ń bèèrè nípa ọjọ́ náà. Ilé iṣẹ́ wa wá ní kí gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀ fọwọ́ sí ìwé kan pé ajagun ni a rí, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ó pẹ́ tán, ọjọ́ ogún oṣù Kẹfà. Bí mo bá fọwọ́ sí i, ìwé ọmọ ìlú mi á jáde, ti Abdussalam á tẹ̀ lé e. Bí mi ò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn, wọ́n sì lè mú mi pé mo ń tú àṣírí. Bàbá, kí ni kí n ṣe? Mo ń tọrọ ìdáríjì. Mo sì ń tọrọ àyè, kí n fọwọ́ sí i, kí ó tán.

Àràmídé


Mushin, Èkó
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, 2025

Àràmídé,

Mi ò jẹun lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé. Mo bínú sí ọ débi pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ, mo wá rántí pé kò sí.

Ìwọ nìkan kọ́ ni mo bínú sí. Láti ìgbà tí mo ti ní rédíò ni mo ti ń gbọ́ ohun tí Amẹ́ríkà ń ṣe kiri. Wọ́n á fún olórí burúkú kan níbọn lónìí, lọ́dún mẹ́wàá sí i wọ́n á ní ó burú, àwọn ń bọ̀ wá yọ ọ́. Bí wọ́n bá ti fọ́ ìlú náà tán, wọ́n á palẹ̀ mọ́, wọ́n á lọ sílé, wọ́n á jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n máa bi ara wọn pé kí ló dé tí àwọn èèyàn wọ̀nyí kórìíra wa. Èsì tí wọ́n ń fún ara wọn ni pé òmìnira àwọn ló ń bí ayé nínú. Ta ló ráyè òmìnira wọn? Ní Mushin níbí, físà wọn là ń rò. Àwọn ọmọ ọkùnrin mọ́kànlá yẹn, kí ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n rò? Wọn ò rí dókítà Amẹ́ríkà rí, wọn ò rí tíṣà wọn. Ohun kan ṣoṣo tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, orí sàárè ló já sí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dàgbà tó gbé ìbọn, àwọn èèyàn rẹ á tún ní àwọn ò mọ ibi tí ìkórìíra ti wá.

Ó sì dùn mí jù pé ọmọ tèmi ni wọ́n fi rí wọn. Ojú tó ti òkè wo èmi bàbá rẹ lábẹ́ òkú, ojú yẹn náà ni wọ́n yá lò.

Mo ka lẹ́tà rẹ sétí Abdussalam. Bóyá ǹ bá má kà á. Ó bọ́ fìlà yẹn, ó gbé e sórí tábìlì, kò dé e mọ́ títí di òní. Kò bínú, kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Bàbá, ṣé àwọn tí wọ́n pa yẹn náà ní àbúrò tó ń retí ìwé?" Ọmọ tó fẹ́ràn Amẹ́ríkà ju oúnjẹ lọ nìyẹn, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọkùnrin eléruku yẹn ti padà wá, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì mẹ́ta, nísinsìnyí gbogbo wọn. Bí a bá ti kírun Àsárì tán tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ti tò síwájú rẹ̀, bí ìgbà tí a bá fẹ́ kírun sí òkú lára. Wọn kì í wọlé. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Níwájú wọn ni àyè kan máa ń ṣófo, ibi tí lèmọ́mù máa ń dúró sí. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní báyìí mo kàn máa ń kí wọn, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Má rò pé ọjọ́ ogbó ló ń ṣe mí. Kòfowórọlá, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, tó háyà yàrá rẹ àtijọ́ lókè, ní òun ò rí èèyàn kankan. Àmọ́ ó wá bi mí pé ta ló ń da eruku funfun síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, pé bí òun bá gbá a, á tún wà níbẹ̀.

O ní kí n má kan àkéte. Mo ti ń kàn án. A kì í kọ iṣẹ́ òkú, bí mo ṣe bá iṣẹ́ náà nìyẹn. Ìsìnkú wọn ò parí, Àràmídé. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú nìyẹn. Wọ́n wá káfíńtà kiri ni, ọmọ mi ló sì júwe ilé.

O tọrọ ìdáríjì, èyí tó kàn mí níbẹ̀, mo ti ṣe é. Àwọn mọ́kànlá ni kí o bi léèrè èyí tó kù. O tọrọ àyè, mi ò ní i. Má fọwọ́ sí ohun tí o ò rí. Kọ ohun tí o rí. Bí wọ́n bá lé ọ wálé, yàrá wà, Kòfowórọlá á gbọ́ àlàyé.

Iléyá ku ọjọ́ mélòó kan. Àgbò tí a rà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ò gbà kó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá rẹ,
Mùktárù


Virginia, Amẹ́ríkà
Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹfà, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Iléyá. Ẹ má bínú pé mi ò lè kí yín púpọ̀.

Mo fọwọ́ sí i láàárọ̀ yìí. Mo ka lẹ́tà yín tán, mo sọ fún ara mi pé mi ò ní í fọwọ́ sí i, mo dé ibi iṣẹ́, wọ́n gbé bírò síwájú mi, mo rí orúkọ Abdussalam nínú fáìlì mi, mo fọwọ́ sí i. Ẹ sọ fún un pé nítorí rẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú kan péré ló gbà.

Mo padà sídìí iṣẹ́. Aginjù tí à ń wò láti oṣù tó kọjá ni wọ́n gbé sójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, páánù ni mo rí. Páánù tó ti dípẹtà, ọ̀kan fara kan èkejì. Mo rí táńkì omi aláwọ̀ búlúù tó wà lókè ilé wa. Mo rí mọ́ṣáláṣí, mo rí iwájú ṣọ́ọ̀bù yín. Àwọn ọkùnrin gbé nǹkan gígùn jáde níbẹ̀, wọ́n ń sáré, wọ́n ń já a gbà lọ́wọ́ ara wọn.

Mo kà wọ́n. Mọ́kànlá ni wọ́n. Kì í ṣe àwọn tí mo máa ń rí. Mo mọ Lèmọ́mù nínú wọn nítorí bó ṣe máa ń wọ́ ẹsẹ̀ kan. Mo mọ Abdussalam, kò dé fìlà. Mo wá yín láàárín wọn, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka orí wọn. Mi ò rí yín.

Jude dé ẹ̀yìn mi, ó ní kí ni mò ń wò tó bẹ́ẹ̀, pé ilẹ̀ lásán ni. Mo ti kọ ọ́ kó tó dé. Mo kọ ọ́ pé: Ìsìnkú ni. Ó ní kí n pa á rẹ́.

Mo ti pè yín, ẹ ò gbé e. Evelyn ní ẹnì kan ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa fún un ní èyí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ fi ayùn gé àkéte yẹn sí wẹ́wẹ́. Ẹ má jẹ́ kó wà nínú ilé. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Àràmídé


Mushin, Èkó
Ọjọ́ kejì, oṣù Keje, 2025

Àǹtí Àràmídé,

Mo kí yín. Mo rí i pé ẹ ti ń pè. Mi ò gbé e nítorí mi ò mọ ohùn tí mo máa fi bá yín sọ̀rọ̀. Bàbá náà ò gbé fóònù mọ́ láti Iléyá, wọ́n ní lẹ́tà ni kí a máa kọ, lẹ́tà náà ni mò ń kọ.

Bàbá kú lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó kọjá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò ṣàìsàn. Lẹ́tà yín kò tíì dé nígbà náà, ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìsìnkú ni Evelyn gbé e wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà Bàbá kan ìṣó tó gbẹ̀yìn mọ́ àkéte yẹn, wọ́n gbá ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n lọ ra àkàrà wá. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti jókòó ti ara tábìlì, téèpù yín wà lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé wọ́n ń sùn. Eruku funfun wà lójú wọn àti ní ìpéǹpéjú wọn. Àwọn tó wẹ̀ wọ́n fi omi sí i lẹ́ẹ̀mẹta, omi náà ń dà lọ ní mímọ́, eruku náà ò kúrò. Lèmọ́mù ní kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A fẹ́ gba àkéte mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní àwọn ará Ìpọ̀nrí ti yá a láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi lo èyí tí Bàbá kàn. Lèmọ́mù ní ó kúrú. Kò kúrú. Nígbà tí a gbé Bàbá sí i, orí wọn dé òkè, ẹsẹ̀ wọn dé ìsàlẹ̀, kò ṣẹ́kù íńṣì kan.

Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni, àwọn èèyàn ò sí nílé. Àwa mọ́kànlá la gbé wọn. Mi ò kà wá nígbà náà, ẹ̀yìn ìgbà tí mo ka lẹ́tà yín ni mo jókòó tí mo ka orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A ń sáré, bí a ṣe máa ń ṣe. Bí a ṣe dé kọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí, àkéte náà fúyẹ́. Èmi wà lábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ó fúyẹ́ bí ìgbà tí èèyàn púpọ̀ bá bọ́ sábẹ́ ẹrù. Kòfowórọlá dúró lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, níbi tí ẹ̀yin máa ń dúró sí. Nígbà tí a dé, ó ní òun ò mọ̀ pé Bàbá ní èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹni mélòó ló rí? Ó ní òun ka méjìlélógún.

Láti ọjọ́ yẹn kò sí eruku níwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́. Àná la ṣe àdúà fídáù Bàbá.

Ẹ ní nítorí mi ni ẹ ṣe fọwọ́ sí ìwé yẹn. Mi ò rán yín níṣẹ́. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú ìwé ìrìn àjò mi pé kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò. Fìlà yín wà nínú àpò tí Evelyn máa fi ránṣẹ́ sí yín, mo fọ̀ ọ́. Mi ò gbé ìbọn, mi ò sì ní í gbé e, kí ẹnì kankan má baà kọ ìyẹn sílẹ̀ nípa mi. Àmọ́ ẹ má bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ràn wọn.

Nígbà tí a gbẹ́ sàárè tán, tí wọ́n ń to pákó tí Bàbá ti fi ọwọ́ ara wọn gé, mo gbé orí sókè wo ojú ọ̀run. Mi ò rí nǹkan kan. Mo rò pé bóyá ẹ̀yin ń rí mi. Bàbá ti sọ ohun tí ẹ máa ṣe, mi ò ní òmíràn láti fi kún un. Bí ẹ bá ń wò wá lọ́jọ́ náà, Àǹtí, ẹ kọ ohun tí ẹ rí.

Àbúrò yín,
Abdussalam